Ẹ̀gbọ́n Sietske

"Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ." Tọmọdé tàgbà wa ló mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ń pa irú rẹ̀ ní abúlé Veenhoek, ní ilẹ̀ Họ́láńdì? Ẹ gbọ́ ibi tí tiwọn ti ṣẹ̀.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà Jámánì gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ síbi tí wọn kì í ti í bọ̀, tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aaltje. Ó gba ọmọ Júù kan sílé, Mirjam, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti kó òbí rẹ̀ lọ. Kò tì í mọ́lé. Kíláàsì rẹ̀ ló mú un lọ, ó ní ọmọ kì í hàn láàrín ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ṣọ́jà kan já wọ kíláàsì, ó ń wá ọmọ Júù. Ó ní kí tíṣà pe orúkọ inú ìwé, kí ọmọ tí wọ́n bá pè dìde. Orúkọ Mirjam kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Jantine wà níbẹ̀, ọmọ tí ibà pa ní oṣù tó kọjá. Gbogbo kíláàsì ló sin ín dé ibojì, àmọ́ ọkàn tíṣà kò tíì gbà á láti pa orúkọ náà rẹ́.

Aaltje pe orúkọ náà. "Jantine."

Mirjam rọra dìde.

Ọ̀gá ṣọ́jà wo irun dúdú rẹ̀ títí, nítorí irun pupa ló wà lórí àwọn ọmọ yòókù. Ó wá rí i pé ọmọ kékeré tó jókòó tì í ti bú sẹ́kún. Sietske ni, àbúrò Jantine gan-an.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ta ni ọmọ yìí sí ọ?"

Sietske di ọwọ́ Mirjam mú. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Ọkùnrin náà wo àwọn tó kù lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mira. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Aaltje lọ bá ìyá Jantine. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mo fi orúkọ ọmọ yín bo ẹlòmíràn."

Ìyá náà wọ yàrá lọ, ó sì gbé ẹ̀wù òtútù Jantine jáde. "Ẹ fún un kó máa wọ̀ ọ́. Òtútù ti ń mú."

Orúkọ yẹn ni Mirjam ń jẹ́ títí ogun fi parí.

Bí òótọ́ kan bá wà tí sísọ rẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni, ìgbà náà ni àwọn àgbà Veenhoek máa ń pa òwe tiwọn: "Ẹ̀gbọ́n Sietske ni." Gbogbo kíláàsì ló rí pósí Jantine bó ṣe ń wọlẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ ọ́.