Ìyá Àgbà Dógò Ti Òkété

Ẹ sún mọ́ra, kí òṣùpá rí ojú yín. Ààlọ́ o!
"Ààlọ̀!"
Ààlọ́ mi sáré títí, ó kó wọ ihò Òkété.

Nígbà tí ìyàn mú, Òkété yá ẹyìn lọ́wọ́ Túùpú, lọ́wọ́ Ọ̀yà ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pẹ so, ó san ti Túùpú, nítorí eyín Túùpú gùn. Ó san ti Ọ̀yà, nítorí ẹnu Ọ̀yà kì í dákẹ́. Ti ìyá àgbà ńkọ́? Ó ní, "Ìyá àgbà mi ṣáà ni, kì í béèrè."

Lóòótọ́, kò béèrè. Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ dógò bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tiwọn: ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó ní òun ò ní dìde àfi tó bá san án. Gbogbo àlejò tó dé ló ń kọrin fún. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété tọ̀ sórí ẹní mi rí,
*Jàlá-ń-jàlá.*
Mo fọ ẹní, n ò gbowó,
*Jàlá-ń-jàlá.*
Ẹyìn mi nìkan ni kó san,
*Jàlá-ń-jàlá.*

Túùpú gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀yà gbọ́ ọ, ó kọ́ orin náà. Nígbà tí Òkété rí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kíá ló ru ẹyìn jáde.

Ìdí nìyẹn tí ihò òkété fi ní ẹnu ọ̀nà méjì: bí ìyá àgbà bá jókòó sí ọ̀kan, á gba èkejì sá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ta ló fọ ẹní tiyín?