Bí Lékelèké Ṣe Di Onídùúró Àkọ́kọ́

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ̀bà ti dí yín lọ́fun? Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Lékelèké, ẹyẹ funfun, àti Ọ̀yà aláìnítìjú.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ọ̀yà wọ abà, ó jẹ àgbàdo tí gbogbo ìlú fẹ́ gbìn tán pátápátá. Wọ́n mú un dé iwájú Ẹfọ̀n ọba. Ọ̀yà ní kí wọ́n tó dá ẹjọ́ òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyàwó òun nílé. Ẹfọ̀n ní, "Ta ni yóò dúró níbí títí o fi máa dé? Ẹni náà kò gbọdọ̀ kúrò, kò sì gbọdọ̀ jókòó."

Gbogbo ẹranko ń wolẹ̀. Lékelèké ló ní òun á dúró. Lékelèké tó ní ẹyin mẹ́ta nílé, tó ń sàba lé wọn lórí! Ẹ sọ fún mi, ṣé orí rẹ̀ pé?

Ọ̀yà ní, "Ìyá Lékelèké, ẹ ṣeun. Kí itọ́ tó gbẹ nílẹ̀, mo ti dé." Ó wọ igbó, wọ̀ọ̀. Lékelèké dúró, dúró, dúró. Ilẹ̀ ṣú. Ló bá dá orin, ẹ gbè é:

Ọ̀yà, Ọ̀yà, mo dúró fún ọ,
*Jàńjàn kẹ́rẹ́.*
Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹyin ń tutù,
*Jàńjàn kẹ́rẹ́.*
Wá gba ara rẹ, kí n relé,
*Jàńjàn kẹ́rẹ́.*

Ẹfọ̀n rán Ehoro sí Ọ̀yà, gìrì gìrì. Ọ̀yà ní òun ń jẹun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ehoro tún lọ, gìrì gìrì. Ọ̀yà ní òun ń sùn lọ́wọ́. Ó lajú sílẹ̀ kedere, ó ní òun ń sùn. Irú èèyàn wo nìyí? Lékelèké ká ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi ọ̀kan dúró, ó tún kọrin. Ẹ gbè é, ẹ má jẹ́ kó sú mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Ehoro tún lọ, gìrì gìrì. Ọ̀yà ní, "Ṣebí Ìyá Lékelèké wà níbẹ̀? Kí lẹ tún fẹ́ fi mí ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà sú Ẹfọ̀n. Ó ní kí wọ́n lọ wọ́ ọ wá. Wọ́n wọ́ Ọ̀yà dé, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Inú koríko ló ń gbé dòní.

Lékelèké fò délé, fìrì. Ó sàba lé ẹyin rẹ̀, ó sàba títí, kò pa ọmọ kankan. Ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ọ̀yà kò tilẹ̀ ránṣẹ́ kí i.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ẹni tó bá gba ọ̀ràn ẹlòmíràn sọ́rùn níwájú adájọ́ ní onídùúró. Ìdúró ni iṣẹ́ náà, ojú Lékelèké sì rí i.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé kí á mọ ìwà ẹni kí á tó dúró fún un, kí á sì kọ́kọ́ wo ohun tí a fi sílẹ̀ nílé. Ìwọ tí wọ́n bá sì dúró fún, jọ̀ọ́, tètè dé. Ibi tí àlọ́ mi mọ nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn há mọ́ mi lọ́fun.