Ikán Kì Í Dúró de Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọkùnrin kan wà tó kọ́ ilé tó wù ú gan-an. Òpó igi mẹ́rin ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe fi òòlù kan ọ̀kan nínú òpó náà, ó tẹ́tí, ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ikán ti wọ inú èyí. Ẹ jẹ́ kí n da oògùn sí i lónìí."

Ọkùnrin náà wo òpó. Ó ń dán. Ó ní, "Nínú òjò yìí? Ẹ̀ẹ̀rùn là ń tún ilé ṣe." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é nílùú náà láti ayé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ ni pé kò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rí káfíńtà nídìí òpó òun.

Káfíńtà ní, "Ẹ ránṣẹ́ sí ikán kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá gbà, ẹ wá sọ fún mi." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti òpó yẹn. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń gbọ́ ìró kékeré kan, bí ẹni ń fi ìka ra ewé gbígbẹ. Oorun gbé e lọ. Lójú àlá, ó rí i tí ilé náà gbéra nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí òwú, tòun tìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń lọ lórí igi kòkó. Ó dùn mọ́ ọn. Ìgbà tó bojú wolẹ̀, ó rí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n wà. Èèpo lásán ni wọ́n, afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn kọjá.

Nígbà tó jí, ó rọ́ àlá náà fún ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ní, "Ilé tó bá ń fò, kò sí ohun tó dì í mú mọ́ ni."

Ọkùnrin náà kò dúró kí òjò dá. Ó fi àpò bo orí, ó lọ pe káfíńtà. Bí wọ́n ṣe ń da oògùn, aládùúgbò kan dúró, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

Ọkùnrin náà ní, "Ikán ni."

Aládùúgbò ní, "Tí káfíńtà bá ṣe tán, kó bá mi kan òpó tèmi náà wò."

Káfíńtà kìlọ̀ fún Bàbá Morẹ́nikẹ́ pé, "Ikán kò ní tán nínú ilẹ̀ yìí. Àmọ́ tí ẹ kò bá dá oògùn dúró, kò ní rí òpó jẹ."

Ìwọ tí nọ́ọ̀sì sọ fún láàárọ̀ yìí pé kòkòrò apa sójà ara, ìyẹn HIV, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, mo mọ̀ pé kò sí ibi tó ń dùn ọ́. Má torí ìyẹn sọ pé o ó kọ́kọ́ lọ rò ó nílé. Bí wọ́n bá ní kí o bẹ̀rẹ̀ lónìí, gba oògùn náà. Lo ti òní. Tí ilẹ̀ bá mọ́, lo ti ọ̀la.