Owó Ibodè Ìmàdò

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Àlọ́ mi kò roko, kò rodò, ẹnu géètì sùkúù àwọn ẹranko ló já sí.

"Mú àádùn rẹ wá, owó ibodè mi ni," Ìmàdò, òmìrán kíláàsì, ń sọ fún Ẹmọ́ kékeré.

"Bọ̀ọ̀dá, mo san níjẹta, mo san lánàá."

"Tòní ńkọ́?"

Ìmàdò gba àádùn náà. Ẹmọ́ ò jà, kò sì dákẹ́. Ó dá orin:
"Ta ló gbàádùn mi?"
Àwọn ọmọ gbè é: "Ìmàdò ni."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé tórin bá dùn, ẹnu á ti gbè é kéèyàn tó rò ó. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìmàdò fúnra rẹ̀ gbè é: "Ìmàdò ni."

Tíṣà Ẹtù wà lẹ́yìn rẹ̀. "O ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Dá a padà."

Ẹmọ́ gba àádùn, kò kúrò níbẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, tìjẹta àti tàná ńkọ́?"

Ìmàdò ti jẹ ìyẹn. Ó kiwọ́ bàpò, ó fọwọ́ méjèèjì san owó àádùn náà fún Ẹmọ́.