Àgbò àti Bọ́ọ̀lù Tó Ń Yà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò dúró níbì kankan, àfi lẹ́sẹ̀ Àgbò.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú Pápátútù, àwọn àgbà ní eré kan. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù funfun kékeré sórí koríko, wọ́n á máa yí bọ́ọ̀lù igi tẹ̀ lé e. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù ló jẹ. Àgbò ni olórí wọn. Eékún rẹ̀ ti ń dún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbó.

Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé ọ̀lẹ ni ọmọ ìwòyí, wọn kì í wá ṣeré. Irọ́ ni. Wọ́n ń wá.

Bí ọmọdé bá dé, Àgbò á ní kó kí àgbà mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bọ́ bàtà, kó pọnmi. Bó bá wá yí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á yà bàrá, ó di inú igbó. Àwọn àgbà á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á kọrin:

Ó yà, ó yà, ó wọgbó o,
*Wọgbó lọ!*
Ọmọ àná tó fẹ́ ṣe bí àgbà,
*Wọgbó lọ!*

“Ìyá Àgbà, kí ló dé tó ń yà?”

Ẹ ṣé tí ẹ bi mí. Wọ́n gbẹ́ ẹ tí ẹ̀gbẹ́ kan fi wúwo ju èkejì ni. Àgbò mọ̀, ó fi ṣe awo. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọdé má lọ borí òun.

Àwọn ọmọ bá lọ, wọn ò padà. Ẹtu nìkan ló kù, ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á wọgbó, á lọ ṣà á, á tún padà wá.

Ọba wá ránṣẹ́ pé bí wọ́n bá pàdánù sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú Òkè-Àlàpà lọ́jọ́ ọdún, òun á fi pápá náà gbin ẹ̀gẹ́. Ọkàn Àgbò já. Kò ní ibòmíràn tó ń lọ láàárọ̀.

Ọjọ́ ọdún pé. Ó ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Àgbò mú un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí i, ni ìbàdí rẹ̀ bá gan.

“Kò lè dìde mọ́?”

Kò lè dìde. Gbogbo ọmọ tó ti lé lọ ló wà lórí ògiri etí pápá tí wọ́n ń wò ó, ni wọ́n bá gbé orin rẹ̀ padà fún un:

Ó tẹ̀, ó tẹ̀, kò nà mọ́ o,
*Wọgbó lọ!*

Ẹtu nìkan ni kò kọrin. Ó wá dúró tì í. Omijé lé ròrò sójú Àgbò, ó na bọ́ọ̀lù sí i.

“Ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ló wúwo, ọmọ mi. Kọjú rẹ̀ sí ibi tí o bá fẹ́ kó yà sí.”

Ẹtu gba bọ́ọ̀lù. “Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn, Bàbá? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ṣa bọ́ọ̀lù nínú igbó.”

Ẹtu yí i. Bọ́ọ̀lù yà díẹ̀díẹ̀, ó lọ fara ti bọ́ọ̀lù funfun.

Pápá ò di oko ẹ̀gẹ́. Àgbò ló wá ń pọnmi fún àwọn ọmọ. Kí ọmọ tuntun tó kí i tán, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ tó wúwo hàn án.

Àgbà tó bá fi ìmọ̀ pamọ́, tó tún ń bú ọmọdé pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, ara rẹ̀ ló ń dójú tì. Ẹ̀yin náà, bí bọ́ọ̀lù yín bá wọgbó, ẹ lọ ṣà á wá, kí ẹ tún un yí.

Ibi tí àlọ́ mi yí dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ìbàdí mi gan bíi ti Àgbò bí mo bá fẹ́ dìde.

Ẹ wò mí, mo ti dìde.