Ipa Ẹsẹ̀ Ògúnṣakin

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ògúnṣakin fi ja ìjàkadì fún àdúgbò Òkè-Ọṣẹ̀ ní ìlú Ìpetè. Bí wọ́n bá dá a, kì í bojú wẹ̀yìn. Á fò dìde, á gbọn iyanrìn nù, á sì máa wá ẹni tó kàn. Nígbà tó yá, orúnkún òsì rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n tò ó títí, kò tò. Ẹsẹ̀ náà di ohun tó ń wọ́ kiri. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí ìmọ̀ rẹ̀ má baà ṣòfò, wọ́n bá fi í ṣe olórí olùkọ́ àwọn oníjàkadì.

Ipò náà kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń kì láti ọjọ́ yìí, ṣé ó lè sọ pé oko nìkan lòun fẹ́ gbájú mọ́? Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ara rẹ̀ ṣàpèjúwe lórí iyanrìn ẹ̀bá odò, bí a ti ń sún mọ́ ẹni àti bí a ti ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń ṣe é bó ti ń ṣe é gẹ́lẹ́.

Ní ìdíje ọdún kìíní, Ìsàlẹ̀-Odò, àdúgbò tó ń bá wọn díje, dá gbogbo wọn, kò ku ẹnì kan. Ògúnṣakin ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kì í gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó lé mẹ́rin nínú wọn lọ. Ọdún kejì rí bákan náà, ó tún lé mẹ́ta. Nígbà tí ìdíje ọdún kẹta ku oṣù kan, àwọn àgbà ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní bí Òkè-Ọṣẹ̀ bá tún fìdí rẹmi, kí ó fi ipò sílẹ̀, àwọn yóò sì pa ìjàkadì rẹ́ ní àdúgbò náà, nítorí ìtìjú náà ti pọ̀ jù.

Ó sọ ọ́ fún Ẹfúnyẹlá, ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ara kì í ṣe òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ipò wọn.” Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ìjàkadì Òkè-Ọṣẹ̀ kú sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, inú ń bí i. Ó kọjú sí Odéyalé, ẹni tó lágbára jù nínú àwọn tó kù, ó ní ọ̀lẹ ni ìyẹn náà, kò mọ̀ ju kó máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ, bí kò bá sì yí padà lónìí, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní kó tẹ̀ lé òun, àwọn méjèèjì sì jọ wọ inú iyanrìn. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n fa ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ wọn lọ́ mọ́ra, ni wọ́n bá ṣubú papọ̀.

Odéyalé ló kọ́kọ́ dìde. Iwájú ló ń wò, bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi òun rẹ́rìn-ín. Orúnkún kò jẹ́ kí Ògúnṣakin dìde. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn méjèèjì gbà wá. Ìlà gígùn kan wà nínú iyanrìn níbi tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wọ́ kọjá. Ìyẹn kò yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n irú ìlà yẹn náà ni ẹsẹ̀ òsì Odéyalé fà sílẹ̀, àti gbogbo àwọn yòókù tó ti jà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà.

“Odéyalé, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá, bàbá.”

“Kí ló dé tí o fi ń wọ́ ọ?”

Ó ya Odéyalé lẹ́nu. “Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é, bàbá. A rò pé ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà.”

Ojú ti Ògúnṣakin débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ́ ẹsẹ̀ náà dé ilé àwọn méje tó ti lé, ó ń bẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Èmi ni mò ń ṣubú láti ọdún méjì wá, ẹ̀yìn yín ló ń bá mi kanlẹ̀.” Láti ìgbà náà, orí àpótí ló ń jókòó sí, ẹnu ló sì fi ń kọ́ àwọn oníjàkadì.

Nígbà tí ìdíje dé, Òkè-Ọṣẹ̀ borí nínú ìjà mẹ́rin nínú mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ gbé Ògúnṣakin lé èjìká, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó. Wọ́n bi í pé oògùn wo ló lò. Ó ní, “Kò sí oògùn. Mo ṣubú, mo bojú wẹ̀yìn wo ohun tó gbé mi ṣubú, mo sì rí i pé èmi náà ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà Ìpetè gbé relé, tí wọ́n sì sọ dòwe títí dòní pé: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.