Ìwé Ọkùnrin Tó Lọ Ṣọ́ Ìnàkí

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹranko ni iṣẹ́ rẹ̀. Fi ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ sí òdìkejì tìrẹ sílẹ̀ ná, ọmọ mi, kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí. Mo ń bọ̀ wá bá ọ níbi tí o wà.

Kì í ṣe ọdẹ o. Kò gbé ìbọn, kò sì dẹ pàkúté. Yunifásítì kan nílẹ̀ wa ló rán an lọ sí igbó ńlá kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pé kí ó lọ gbé nítòsí àwọn ìnàkí fún ọdún mẹ́ta, kí ó sì máa kọ ìṣe wọn sílẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ dáadáa, yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bí kò bá kọ ọ́, ọdún mẹ́ta náà gbé nìyẹn. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ nílé, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó lọ.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ìnàkí kì í jẹ́ kí àjèjì sún mọ́ òun. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìṣe rẹ̀ ní láti máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà lójoojúmọ́, kí ó máa jókòó síbi kan náà ní aago kan náà, kí ó má tẹjú mọ́ ọn, títí ìnàkí yóò fi kà á sí igi. Oṣù mẹ́rìnlá ni ọkùnrin yìí fi jókòó sórí òkúta kan. Òjò pa á, eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, abo ìnàkí kan gbé ọmọ méjì wá, ó jókòó nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣa kòkòrò iná lára wọn. Ìbejì ni wọ́n.

Bàbá kan wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, òun ni amọ̀nà rẹ̀. Bàbá yìí ní láti kékeré lòun ti wà nínú igbó náà, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin wa, o mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí lára wa. Ó sọ ìnàkí náà ní Ìyá Ìbejì, ó sì ń ki àwọn ọmọ náà sábẹ́ ètè bí ọmọ àbúrò rẹ̀.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń kọ ohun tí Ìyá Ìbejì ń ṣe sínú rẹ̀: ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn kí obìnrin kan tó dé.

Ilẹ̀ Íńdíà ni obìnrin náà ti wá, iṣẹ́ kan náà ló sì bá wá. Ó pàgọ́ sí òdìkejì odò, ó ń ṣọ́ agbo ìnàkí mìíràn. Oṣù méje péré, àwọn ìnàkí tirẹ̀ ti gbà á. Oṣù méje! Kò pẹ́, àwọn onítẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà dé láti òkè òkun láti wá ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n gba iwájú àgọ́ ọkùnrin wa kọjá. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó fi ibi tí afárá wà han àwọn.

Ó jowú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún ọ: owú ta á lójú bí ata. Ó jowú àgọ́ obìnrin náà, ó jowú bàtà òjò rẹ̀, ó jowú ẹ̀rín tó ń gbọ́ láti òdìkejì odò. Kí ló ṣe tí èmi ò ṣe? Oògùn wo ló lò fún wọn?

Ní ọjọ́ kan ó dìde lórí òkúta rẹ̀, ó gun òkè kan tó ti lè rí òdìkejì. Ó gbé awò tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́ni sójú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó ní. Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé egungun. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó lọ lọ́jọ́ kẹta. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ìwé kíkọ, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Aago méje: obìnrin náà ti jáde. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ó ń mu tíì. Aago méje ààbọ̀: ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Amọ̀nà rẹ̀ ní, “Ọ̀gá, mo rí ipa ẹsẹ̀ àwọn ìnàkí tiwa nídìí òkúta. Wọ́n wá, wọn ò bá yín.”

“A ó lọ lọ́la,” ni ó wí.

Ọ̀la náà di oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tó yá, obìnrin náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó di ẹrù, ó sì kọjá odò wá dágbére. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín ni mo ń retí. Èmi ò rí irú ohun tí ẹ rí. Àwọn ìbejì yẹn ńkọ́, ṣé àwọn méjèèjì ti ń dá gun igi?”

Ọkùnrin wa dáhùn pé àlàáfíà ni wọ́n wà. Kò mọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó ti wà lórí òkúta. Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó yọ. Ìyá Ìbejì rí i, ó figbe ta, gbogbo agbo sì tú ká bí ẹni rí ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wọ igbó. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ó yíjú sí amọ̀nà. “Èkejì ńkọ́? Kí ló ṣe é?”

“Èmi náà ò mọ̀, ọ̀gá. Orí òkè la jọ wà.”

Oṣù méjì ló kù kí ọdún mẹ́ta pé. Oṣù méjì ò tó fún èèyàn láti tún di igi.

Nígbà tó délé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó rán an níṣẹ́ gba ìwé náà, ó kà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ránṣẹ́ pè é. Kò pariwo. Ó ní, “Mo ti ka ohun tí obìnrin yìí jẹ ní igba àárọ̀. Mo mọ ọjọ́ tó fọ aṣọ. Mo mọ ọjọ́ tí ikọ́ ń ṣe é. Àwọn ìnàkí rẹ ńkọ́, kí ni wọ́n jẹ?”

Wọn ò fún un ní oyè náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Di òní, bí wọ́n bá dárúkọ ìbejì létí rẹ̀, á kúrò níbẹ̀.

Ó yá, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Láti ìgbà tí o ti jókòó síwájú mi, o ti sọ iye máṣíìnì tí ọ̀rẹ́ rẹ ní fún mi, o ti sọ àwọ̀ kọ́tínì rẹ̀, o ti sọ ti ìyàwó kansẹ́lọ̀ tó gbé aṣọ wá bá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O mọ aago tó ń ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè aṣọ ìgbéyàwó tí ọmọ díkónì gbé fún ọ lóṣù tó kọjá, o ní o ò rántí ibi tí o gé e dé.

N kò ní kí o má jowú. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni ọ́, èmi náà ò sì mọ́ tó bí o ṣe rò. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti wá síbi òkúta rẹ, kò bá ọ. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Dìde. Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí o tó ṣe ohunkóhun, yí máṣíìnì rẹ padà, kí o kẹ̀yìn sí títì.